Ẹran Inú Ìkòkò, "Must" àti "Might" ní Treichville

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: èmi kì í ṣe olófòófó. Etí ni Ọlọ́run fún mi, onílé sì fi yàrá mi sí ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Nínú ọgbà wa ní Treichville, ní Àbíjàn níbí, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo la jọ ń pọn, okùn ìsáṣọ kan la jọ ń jà lé lórí, ògiri ò sì nípọn rárá. Bí ẹnì kan bá sín ní yàrá ẹ̀yìn, àwa tá a wà lójúde á ti máa kí i pé pẹ̀lẹ́. Ibi tí mo ti ń dín dòdò tà, èyí táwọn ará ibí ń pè ní àlókò, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí Bùrọ̀dá Tíṣà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́. Ẹ ní kí n dití ni? Síbí wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwo wà lọ́wọ́ òsì, epo ń ta. Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi di etí?

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí ọmọ Yorùbá fi ń sanwó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́. Ẹ ò mọ Àbíjàn nìyẹn. Yorùbá tó pọ̀ jù níbí, ará Ẹ̀jìgbò ni wọ́n, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn bàbá wọn ti dé kó tó di pé ilẹ̀ Côte d'Ivoire yìí gba òmìnira lọ́dún 1960. Àwọn kan ti Gánà wá, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ lópin ọdún 1969. Wọ́n di ẹrù, wọ́n wo ọ̀nà ilé, wọ́n wo ọ̀nà ibí, wọ́n bá kọrí síbí. Títí dòní, ọkọ̀ ń gbéra ní Ẹ̀jìgbò tó jẹ́ pé Àbíjàn ló ń já sí: á gba Sẹ̀mẹ̀, á gba Kùtọnu, á gba Lomé, á gba Àkírà, á jáde ní Èlúbò kó tó wọ Noé. Ní Ẹ̀jìgbò fúnra rẹ̀, ẹ ó gbọ́ Faransé lọ́jà. Ìyá arúgbó á máa ná ata ní Yorùbá, á wá fi Faransé bú ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí wá ńkọ́? Faransé nílé ìwé, Jùlá lọ́jà Adjamé, Nouchi láàárín ọ̀rẹ́, Yorùbá nígbà tí bàbá wọn bá bínú. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, "good morning" ló ń parí sí. Bẹ́ẹ̀ àwọn òbí ń fẹ́ kí wọ́n lọ sí yunifásítì ní Nàìjíríà, JAMB ò sì gba àwáwí: Use of English di dandan fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣèdánwò wọn, ì báà jẹ́ ìṣirò ló fẹ́ lọ kà.

Ìdí tàwọn ìyá míì tiẹ̀ tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá gun afárá Houphouët-Boigny láti Treichville, Plateau lẹ já sí, ibẹ̀ sì ni olú ilé-iṣẹ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà. Nígbà tí ìlú dàrú, wọ́n kó báńkì náà lọ sí Tunis lọ́dún 2003. Àwọn kan ní kò ní padà wá mọ́ láéláé, àmọ́ ó padà wá ní 2014. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi Akínwùmí Adéṣínà ṣe ààrẹ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ó sì wà nípò náà di 2025. Láti ọjọ́ tí Màmá Alátíékẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá yìí, ti rí i lórí tẹlifíṣàn pẹ̀lú táì labalábá ọrùn rẹ̀ yẹn, ló ti ra irú rẹ̀ fún àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ ọ̀hún ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni báńkì yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Màmá ní Faransé ti wà nílé, kí Tíṣà wá bá òun wá èyí tó kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sójú pátákó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bùrọ̀dá Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án síbẹ̀: can, could, may, might, shall, should, will, would, must. Ó ní modal verbs ni wọ́n ń pè wọ́n, pé iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n máa ń dúró sí, láti fi sọ bóyá nǹkan ṣeé ṣe, bóyá wọ́n gbà wá láyè láti ṣe é, bóyá ó di dandan, tàbí bóyá a kàn ń méfò. Èmi tí mò ń yí dòdò padà, mo ní háà! Iṣẹ́ mi nìyẹn. Kí là ń sọ lójúde látàárọ̀ ju ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ní láti jẹ́ pé ó ti ṣẹlẹ̀ ní yàrá kẹta?

Ìwà wọn yàtọ̀ o. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì yòókù, tó bá ti kan he tàbí she, wọ́n á so s mọ́ ìdí: he goes, she cooks. Àwọn mẹ́sàn-án yìí ò gba s. Ọmọ kan sọ pé he musts go, díẹ̀ ló kù kí Tíṣà gbé ṣọ́ọ̀kì mì. Wọn ò sì fẹ́ rí to lẹ́yìn wọn: I can swim ni, kì í ṣe I can to swim. Ought nìkan ló ń mú to dání kiri, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fi taratara kà á mọ́ ẹbí. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé méjì wọn kì í jókòó pọ̀. Bí orogún tí kò lè sun yàrá kan ni wọ́n ṣe rí. Lọ́dọ̀ tiwa, "màá lè wá lọ́la" ò ní wàhálà kankan nínú. Pidgin táwọn awakọ̀ Ẹ̀jìgbò ń sọ pàápàá gbà á: I go fit come. Ṣùgbọ́n I will can come? Èèwọ̀. Bí will bá ti wọlé, can á jáde, wọ́n á wá ránṣẹ́ pe be able to kó wá dípò rẹ̀: I will be able to come. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ná nítorí pé ìyàwó méjì ò fẹ́ rí ara wọn sójú!

Ká sòótọ́, àwọn ọmọ ń tòògbé lórí gbogbo èyí, títí ẹran fi sọnù.

Ìyá Ẹ̀fọ́ ló se ọbẹ̀ gbọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó kó ẹran màlúù àti ṣàkì sí i, ó dé e, ó lọ pọn omi. Ẹ sì mọ ẹ̀rọ omi wa, ẹni tó bá lọ pọn omi ti lọ síbi àpérò. Nígbà tó fi máa dé, gbọ̀rọ̀ ń wò ó, ẹran ti lọ. Ariwo tó pa, àwọn tó ń lọ lójú títì dúró. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wa ti mọ olè, àmọ́ olè tí kálukú mọ̀ yàtọ̀ síra.

Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, Tíṣà nu pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣèwádìí. Ta ló jẹ ẹran? Ọmọ àkọ́kọ́ ní: It must be the apprenti. Apprenti ni ọmọkùnrin tó máa ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ gbákà tó ń pe èrò. Yàrá ìpẹ̀kun ló ń gbé, ọmọ Ẹ̀jìgbò ni. Tíṣà ní kí ló dé tó fi sọ must. Ọmọ ní ọwọ́ rẹ̀ ń dán fún epo, ó ń fi igi tayín, ó sì ń búra pé òun ò jẹun látàárọ̀. Tíṣà ní ó dára, ẹ̀rí pọ̀, must tọ́ sí i. Ọmọ kejì ní: It might be the landlord's cat. Ológbò onílé wà nítòsí lóòótọ́, àmọ́ ológbò tó ṣí ìdérí ìkòkò tó tún dé e padà, ọ̀rọ̀ ìyẹn ti ń lọ sọ́nà àwọn àgbà. Might ti tó fún un, may ìbá tiẹ̀ ti fẹ́ pọ̀ jù. Ọmọ kẹta fẹ́ yọ Bàbá Àgbà nínú ẹjọ́, ó ní: It mustn't be Baba. Tíṣà mirí. Ó ní tá a bá ń méfò, òdì must kì í ṣe mustn't, can't ni: It can't be Baba. Bàbá ò léyín kan ṣoṣo lẹ́nu, ṣàkì sì wà nínú ohun tí wọ́n jí. Bàbá fúnra rẹ̀, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní, ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ can't.

Tó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá ni, have ló ń wọ àárín: he must have eaten it, it might have been the cat, Baba can't have eaten it. Òyìnbó máa ń gé have yẹn kúrú lẹ́nu débi pé of ló ń dún létí, ìdí nìyẹn táwọn ọmọ òyìnbó gan-an fi ń kọ must of sínú ìwé. Tíṣà ní ẹni tó bá kọ ọ́ ní kíláàsì òun, kò ní jẹ nínú àlókò. Àlókò ta ni? Tèmi. Kò tíì san tọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ibi tí mo ti gbé síbí sílẹ̀ rèé. Tíṣà bi wọ́n pé, nínú he must have eaten it àti he ate it, èwo ló lágbára jù? Gbogbo wọn ní must. Èmi náà ní must, nínú lọ́hùn-ún. Ó ní rárá o. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i, he ate it ló máa sọ, ó parí. Ẹni tó bá sọ must, kò sí níbẹ̀. Epo tó rí lọ́wọ́ àti igi tó rí lẹ́nu ló ń rò pọ̀. Must ń jágbe mọ́ni nítorí pé kò rí nǹkan kan. Ẹ gbọ́, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu àwọn alábàágbé mi. Ẹni tó bá wá bá mi pé "ó ní láti jẹ́ pé ó ti lóyún", mo mọ̀ pé kò rí oyún, aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló rí. Ẹni tó mọ̀ lóòótọ́ kì í pariwo. Á kàn ní "oyún oṣù mẹ́ta ni", á gbé korobá rẹ̀, á máa lọ.

Ẹ óò fẹ́ mọ ẹni tó jẹ ẹran. Ọkọ Ìyá Ẹ̀fọ́ ni! Ọkùnrin tó ti ń sọ fún gbogbo ọgbà pé ààwẹ̀ lòun ń gbà. Ìdérí tó dé padà ló tú u fó, nítorí pé òun nìkan lọkùnrin inú ọgbà yìí tó ń dé nǹkan tó bá ṣí. Kò sí ọmọ kankan tó fún un ní might, ká má tíì sọ ti must. Apprenti wá ń retí pé kí wọ́n wá bẹ òun. Nígbà tí kò rí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì, ó ní òun fẹ́ mọ èdè tí wọ́n fi ba òun lórúkọ jẹ́.

Must yìí náà ló fẹ́ lé àlejò lọ lọ́dọ̀ wa. Àǹtí kan wá láti Èkó, wọ́n gbé àtíékẹ́ àti ẹja díndín síwájú wọn. Àtíékẹ́ kì í tètè yé ará Èkó. Lójú wọn, gààrí tí ẹnì kan gbàgbé láti tẹ̀ ni. Ọmọ ilé rí i bí Àǹtí ṣe ń fi síbí tọ́ ọ wò, ó fẹ́ sọ fún wọn pé kò di dandan kí wọ́n jẹ ẹ́ tí kò bá wù wọ́n. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó kúnlẹ̀, ó ní: Aunty, you must not eat it. Ẹ gbà mí! Ojú Àǹtí yí. Must not, èèwọ̀ ni: ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí wọ́n lè fi sínú oúnjẹ tí ọmọ kékeré fi ń tọrọ ẹ̀mí òun. Ohun tí ọmọ ń wá ni you don't have to eat it, tàbí you needn't. Tí not ò bá tíì dé, must àti have to jọ ń rìn dáadáa: you must eat, you have to eat, dandan ni méjèèjì. Kí not dé báyìí, wọ́n pínyà. Ọ̀kan di èèwọ̀, èkejì di "tó bá wù yín". Must ò tiẹ̀ ní àná tirẹ̀. Ohun tó di dandan lánàá, had to ló ń bá a sọ ọ́. Ká tó ṣàlàyé gbogbo èyí fún Àǹtí tán, ẹja ti tutù. Wọ́n jẹ ẹ́ ṣá. Wọ́n tún ní kí wọ́n bù sí i.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti could fún yín, mi ò fẹ́ kó dé etí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé will ló bí would, shall ló bí should. L tó wà nínú àwọn méjèèjì, ogún bàbá wọn ni. Can ló bí could. Ẹ wo can dáadáa, ẹ bá mi wá l níbẹ̀. Láyé àtijọ́, coude làwọn òyìnbó ń kọ ọ́, kò ní l kankan lára. Nígbà tó yá, àwọn akọ̀wé wo would, wọ́n wo should, wọ́n rí i pé could ń bá wọn jáde nígbà gbogbo, ni wọ́n bá fi l kọ́ ọ lọ́rùn kó lè jọ wọ́n. L ọ̀hún ti wà níbẹ̀ láti bí 500 ọdún sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ onílé náà ti dákẹ́ l tiwọn, ẹ ò lè dá ọmọ bíbí inú mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó wá fara pẹ́ wọn. Mo mọ ilé kan ní Yopougon tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ ọ̀hún ti fẹ́ gboyè báyìí.

Ought ńkọ́? Gbèsè ni wọ́n fi bí i. Owe, kéèyàn jẹ gbèsè, ni ìyá rẹ̀. Shall pàápàá, ọ̀rọ̀ gbèsè ni nígbà ìwáṣẹ̀. Faransé ò tiẹ̀ fi tiẹ̀ pa mọ́: devoir kan náà tí wọ́n fi ń sọ pé o gbọ́dọ̀ wá, òun ni wọ́n fi ń sọ pé o jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún fáráǹkì. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo fi iná sílẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, mo ní: Teacher, you ought to pay me. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Tíṣà ní Gẹ̀ẹ́sì mi ti ń dán. Owó ò jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ could have àti should have dénú egungun, kó wá bá àwa Yorùbá Àbíjàn sọ̀rọ̀ nípa alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024. Àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ní pápá Ebimpé, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire. Ọgbà wa pín sí méjì, yàrá míì náà pín sí méjì. Bàbá wọ àwọ̀ ewé, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ wọ àwọ̀ ọsàn. Troost-Ekong ló kọ́kọ́ fi orí kan án wọlé fún wa, èmi gan-an da epo nù. Nígbà tó di ìdajì kejì, Kessié dá a padà. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí, Haller na ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ yẹn, ó di 2 sí 1. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni wọ́n ń lu ìkòkò ní Treichville. Ìkòkò ta ni wọ́n ń lù? Tiwa náà wà níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Tíṣà tí ojú rẹ̀ ti wú ò kọ́ wọn ní nǹkan tuntun. Ó ní kí kálukú fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń dùn ún. We could have won: agbára wà, a ò lò ó. We should have won: ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan sì jẹ̀bi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn ni would have, nítorí pé ẹni tó nà wá yẹn ti kú tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, àwa fúnra wa ti nà wọ́n ní 1 sí 0. Ní ọjọ́ 22, Equatorial Guinea gbá 4 wọlé wọn lójú àwọn ará ilé wọn, olùkọ́ni Gasset lọ, igbákejì rẹ̀, Emerse Faé, ló gba iṣẹ́. Bí Morocco ò bá sì na Zambia ní ọjọ́ 24, orí àga nílé ni wọn ì bá ti wo ìyókù. If Morocco had not beaten Zambia, Côte d'Ivoire would have gone out. Haller náà, tí àrùn jẹjẹrẹ mú lọ́dún 2022: he might never have played again. Ẹ wo iye "ì bá" tó so kọ́ ife kan ṣoṣo! A sọ ọ́ títí, ọ̀fun gbẹ. Ọmọ tó wọ àwọ̀ ọsàn, tó jókòó lẹ́yìn látìgbà yẹn, wá ní: We won. Kò fi ọ̀kan kan nínú àwọn mẹ́sàn-án sí i.

Mo fẹ́ràn ibi tí would àti could ti ń hùwà ọmọlúàbí. You kan ṣoṣo ni òyìnbó ní. Ọba, ọmọ ọwọ́, ajá, you ni gbogbo wọn ń jẹ́. Kò sí "ẹ" níbẹ̀, vous táwọn Faransé fi ń bọ̀wọ̀ pàápàá kò sí. Níbo ni wọ́n wá kó ọ̀wọ̀ sí? Inú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí ni. Open the door, àṣẹ ni. Can you open the door, ó ti rọ̀ díẹ̀. Could you, would you, orúnkún ti ń kanlẹ̀. May I come in, ó ti ṣí fìlà. Could tó yẹ kó jẹ́ ti àná ni wọ́n ń fi bẹ̀bẹ̀ lónìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe jìnnà tó ló ṣe ń tutù tó. Tíṣà ní àwọn tíṣà àtijọ́ máa ń na ọmọ tó bá fi can tọrọ àyè dípò may, àmọ́ àwọn òyìnbó fúnra wọn ń fi can tọrọ àyè báyìí, ilé ò sì wó.

Àwọn tó ń sọ Faransé Àbíjàn ni ibí yìí nira fún jù. Níbí, faut, ìyẹn "dandan ni", ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: faut venir, faut manger, faut laisser. Ìyá fi ń pe ọmọ, ọmọ fi ń pe ìyá, ìbínú kankan ò sí níbẹ̀. Apprenti wa rí iṣẹ́ ọjọ́ méjì kan ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ, pé kó máa gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò. Obìnrin òyìnbó kan dé. Ọmọkùnrin yìí, tó fẹ́ ṣe dáadáa, kó gbogbo faut tó mọ̀ sínú must. You must sit down. You must wait here. You must give me your bag. Obìnrin náà di báàgì mọ́ra, ó ń wo ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, lọ́kàn tirẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́ mà" ló ń sọ látàárọ̀.

Shall, kò gùn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu èèyàn, àfi shall we go. Inú ìwé òfin ló kó lọ. Ẹ ṣí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, shall ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, dandan lórí dandan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn shall wọ̀nyẹn nílé, ẹ má fi bi mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dìde, ẹ padà jókòó, mi ò tíì dé ibi tó dùn. Apprenti tí mo wí yìí, kíláàsì nìkan kọ́ ló ń gbé e wá mọ́. Àkọ́bí Màmá Alátíékẹ́, ọmọbìnrin tó ń jókòó síwájú, tó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì jù wọ́n lọ, ojú Apprenti ti wà lára rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Apprenti pàdé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ó tún ọrùn aṣọ ara rẹ̀ ṣe, ó ní: Can you marry me? Ọmọbìnrin ò gbójú sókè. Ó ní: I can. Ọmọkùnrin fò sókè, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ọmọbìnrin gbé korobá sáàárín wọn, ó ní: I can. I did not say I will. Mo rẹ́rìn-ín títí ata fi gbé mi lọ́fun.

Ọmọkùnrin sáré lọ bá Tíṣà. Tíṣà ní can ń béèrè bóyá agbára wà níbẹ̀. Agbára wà, ọmọ náà ti pé ogún ọdún, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́? Will ló ń béèrè ohun tó wà lọ́kàn, torí pé nígbà ìwáṣẹ̀, kéèyàn fẹ́ nǹkan ni will. Ọmọkùnrin padà sídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kejì: Will you marry me? Ọmọbìnrin pọn omi rẹ̀ tán, ó gbé e rù, ó ní: I might.

Ọmọkùnrin wá jókòó tì mí, ó ń ṣe bí ẹni òkú kú fún. Mo bù dòdò fún un, mi ò sì gbowó. Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, won't wà nílẹ̀, kò mú un. Can't wà nílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Màmá rẹ̀, tó ní báńkì ni ọkọ ọmọ òun á ti wá, bi awakọ̀ Ẹ̀jìgbò láàárọ̀ àná pé èló ni wọ́n ń ta aṣọ òkè nílé báyìí. Ó tún ra ìkòkò ńlá méjì, ó ní àtíékẹ́ lòun fẹ́ fi sè. Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń se àtíékẹ́ nínú ìkòkò àsè? Mi ò bá wọn jókòó ìpàdé ẹbí o, mi ò sì rí nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń sọ pé must nìyẹn.